Ẹ̀yà alpha 0.1.0 láíbúrárì fídíò àti ohùn: kí ni kí ó wà nínú rẹ̀, kí ni kí a fi sílẹ̀ ná?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mo kí gbogbo yín o. Láíbúrárì tí èmi àti àwọn akẹgbẹ́ mi ń kọ fún kíka fáìlì fídíò àti ti ohùn ti dé ibi tí ó yẹ kí ojú mìíràn yàtọ̀ sí tiwa wò ó. Èdè C ni a fi kọ ọ́, orísun kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò tíì pọ̀: ó ń ṣí fáìlì Ogg àti WebM (irú fáìlì tí a ń kó ohùn àti fídíò pọ̀ sí), ó ń ya ohùn àti àwòrán inú wọn sọ́tọ̀, ó ń fi libopus àti libvorbis (fún ohùn Opus àti Vorbis) àti dav1d (fún fídíò AV1) tú wọn, lẹ́yìn náà ni yóò kó àwòrán àti ègé ohùn kọ̀ọ̀kan fún ètò tí ó pè é, pẹ̀lú àkókò tí ó yẹ kí wọ́n jáde. Kò tíì lè kọ fáìlì, kò tíì lè ka MP4, kò sì tíì lè fò síwájú nínú fáìlì WebM tí kò ní atọ́ka.

Ẹnu àwa tí a ń kọ ọ́ kò kò lórí ìgbà tí ó yẹ kí a gbé e jáde. Àwọn kan ní kí a dúró títí yóò fi lè ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, nítorí pé ẹni tó bá dán nǹkan wò tí kò rí ohun tó ń wá kì í sábà padà wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí alpha (ẹ̀yà ìdánwò àkọ́kọ́) gbé síwájú àwọn ènìyàn ni API, ìyẹn ojú tí àwọn ètò mìíràn yóò máa gbà pe láíbúrárì náà: orúkọ àwọn function, ẹni tí ó ni mẹ́mọ́rì tí àwòrán wà nínú rẹ̀, ohun tí a ó sọ fún ètò tó pè wá bí fáìlì bá bàjẹ́ láàárín. A lè fi codec (ọ̀nà tí a fi ń di ohùn tàbí fídíò, tí a sì fi ń tú u) kún un ní ọjọ́ mìíràn láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n API tí ọ̀pọ̀ ètò ti gbára lé dà bí aṣọ tí a ti rán tán, kò rọrùn láti tún gé. Ìlànà Semantic Versioning sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ṣì jẹ́ 0, ohunkóhun lè yí padà nígbàkigbà. Àyè yẹn ni mo fẹ́ kí a lò nígbà tí ó ṣì wà.

Bí header náà (fáìlì tí a kọ API sí) ṣe rí báyìí nìyí, ní kúkúrú: function kan ń ṣí fáìlì, òmíràn ń ka àwòrán tàbí ohùn tó kàn, òmíràn ń ti fáìlì. Struct àwòrán (àkójọ dátà tó ṣàpèjúwe àwòrán kan) wà ní gbangba pẹ̀lú gbogbo ohun inú rẹ̀. Double (nọ́ńbà onídẹ́símà) tí a fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá ni àkókò. Bí àṣìṣe kan bá ṣẹlẹ̀, -1 ni a ń dá padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì sọ èyí tí kò dára nínú rẹ̀ fún wa.

Èsì 1, láti ọwọ́ ẹni tó ń kọ géèmù

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Inú mi dùn pé header náà kúrú. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tún ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí gbogbo inú struct àwòrán bá wà ní gbangba, èmi fúnra mi lè dá a sílẹ̀ nínú ètò mi láìpe function yín kankan. Ó rọrùn báyìí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá fi field kan ṣoṣo kún un, ìwọ̀n rẹ̀ yóò yí padà, ètò tí mo ti kọ́ńpáìlì tẹ́lẹ̀ yóò sì máa pèsè àyè tí kò tó fún ohun tí láíbúrárì tuntun fẹ́ kọ síbẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Mẹ́mọ́rì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́, ètò yóò sì kú níbi tí kò kan fídíò rárá.

FFmpeg, láíbúrárì fídíò tó gbajúmọ̀, fi í ṣe òfin pé function av_frame_alloc ni kí a máa fi dá AVFrame (struct àwòrán tiwọn) sílẹ̀, kí wọ́n lè ráyè fi field kún un lẹ́yìn ọ̀la láìba ètò ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ fi pointer nìkan hàn wá, kí ẹ fún wa ní function tí a ó fi béèrè fífẹ̀, gíga, àti iye byte tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan àti ìlà tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì tún ń kọ mí lóminú. Àwòrán kan tí ó jẹ́ 1920 × 1080, tí ó jẹ́ 4:2:0 (tí a dín ìsọfúnni àwọ̀ rẹ̀ kù) oníbíìtì 8, gba byte 3,110,400. Bí ọgbọ̀n irú rẹ̀ bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, byte tó lé ní mílíọ̀nù 93 nìyẹn. Bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fún mi, tí èmi náà sì tún ṣe ẹ̀dà kí n tó gbé e fún ẹ̀rọ àwòrán, iṣẹ́ asán ni gbogbo rẹ̀. dav1d ti ń ka iye ẹni tó di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú, dav1d_picture_unref sì ni a fi ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìkàyè yẹn dé ọ̀dọ̀ wa ní tààrà, kí n lè di àwòrán mú títí n ó fi lò ó tán.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mo gba méjèèjì wọlé. Struct yóò di pípamọ́, ìkàyè yóò sì hàn. Irú ọ̀rọ̀ tí mo ń retí gan-an nìyí.

Èsì 2, láti ọwọ́ ẹni tó ń di pákéèjì fún Linux

Ẹ dákun, ẹ má ṣe fún ẹ̀yà yìí ní soname (orúkọ tí Linux fi ń dá láíbúrárì mọ̀) tó parí sí .so.1. Soname jẹ́ ìlérí fún àwa tí a ń di pákéèjì: bí kò bá yí padà, a ó gbà pé ètò tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀ yóò máa bá ẹ̀yà tuntun ṣiṣẹ́, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lábẹ́ wọn láìbéèrè. Nígbà alpha, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ẹ̀yà sínú soname, tàbí kí ẹ gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí láíbúrárì static (tí a ń kó sínú ètò fúnra rẹ̀) nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi aṣìrò so ètò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì, mo rí i pé gbogbo function inú yín ni ó hàn síta nínú fáìlì .so, títí kan àwọn tí kò sí nínú header. Ẹ fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú -fvisibility=hidden, kí ẹ sì fi àmì ìṣáájú kan ṣoṣo sí orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ kí ó hàn. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan yóò rí wọn, yóò sì lò wọ́n, yóò wá máa bínú nígbà tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò.

Èsì 3, láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ààbò kóòdù

Èmi yóò gbè sẹ́yìn àwọn akẹgbẹ́ yín tó ní kí ẹ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Fáìlì fídíò sábà máa ń wá láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀, kóòdù tó ń kà á sì ni ẹni náà ń bá sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ní 2015, àwọn àléébù inú libstagefright, láíbúrárì tí ń ka fídíò lórí Android, fi hàn pé fídíò tí a fi ránṣẹ́ lásán lè di ọ̀nà tí ẹlòmíràn yóò gbà wọnú fóònù. Ní 2023, àléébù kan nínú libwebp (láíbúrárì tí ń ka àwòrán WebP), tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2023-4863, mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣàwákiri (browser) íntánẹ́ẹ̀tì sáré tún tiwọn ṣe, nítorí pé láíbúrárì kékeré yẹn wà nínú ètò tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Àwọn tó ń kọ láíbúrárì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Iṣẹ́ náà ni ó le.

libopus àti dav1d ti ní àwọn tó ń ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n kóòdù tí ń ka Ogg àti WebM nínú láíbúrárì yín, ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́. Mo wò ó. Nínú WebM, fáìlì fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, nọ́ńbà náà sì lè gùn tó byte 8. Kóòdù yín gba ọ̀rọ̀ fáìlì gbọ́, ó sì béèrè mẹ́mọ́rì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó mọ̀ bóyá fáìlì náà tilẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn tún wà tí ẹ ti ń sọ fífẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú gíga nínú nọ́ńbà oníbíìtì 32. AV1 gba àwòrán tó fẹ̀ tó 65536, tó sì ga tó 65536. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ nínú bíìtì 32, 0 ni ẹ ó rí. Láíbúrárì yóò béèrè àyè tí kò sí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwòrán síbẹ̀.

Ẹ fi AddressSanitizer (irinṣẹ́ tí ń rí àṣìṣe mẹ́mọ́rì) kọ́ ọ, kí ẹ fi libFuzzer (irinṣẹ́ tí ń ju oríṣiríṣi dátà ségesège sí kóòdù) lu kóòdù tí ń ka fáìlì náà títí kò fi ní mú àléébù jáde mọ́ fún àkókò gígùn, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àtúnṣe méjèèjì tí ẹ tọ́ka sí yóò wọlé kí alpha tó jáde, fuzzing náà yóò sì máa lọ lórí gbogbo àyípadà tí a bá ṣe. Mo kàn fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ààbò jẹ́ ohun tí a lè fi irinṣẹ́ wá fúnra wa, kí a sì rí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Bí API ṣe rọrùn tó tàbí bí ó ṣe le tó, kò sí irinṣẹ́ tí yóò sọ fún wa. Àfi kí ẹlòmíràn jókòó tì í, kí ó gbìyànjú láti fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà a ó ṣe fuzzing ná, ṣùgbọ́n a kò ní í dúró de MP4.

Èsì 4, láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa àkókò, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú API yìí. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ fi double ka ìṣẹ́jú-àáyá. Double péye tó fún fídíò tó gùn, n kò jiyàn ìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò lè sọ òótọ́ ibi tí àkókò náà ti wá. Fídíò tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní 29.97 jẹ́ 30000/1001 gan-an, ìdá yẹn kò sì ṣeé kọ sínú double láìgé e. Ẹni tó bá ń fi 1001/30000 kún àkókò léraléra yóò máa kó ìyàtọ̀ kékeré jọ, bí ó bá sì wá béèrè bóyá àkókò méjì dọ́gba, ìdáhùn tí yóò rí gbà lè má jẹ́ òótọ́. Ẹ fi nọ́ńbà odidi fún wa, pẹ̀lú ìdá tí a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ohùn Opus ń ka 1/48000, MPEG-TS ń ka 1/90000, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ double lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní double kò lè padà sí ìdá tó pé.

WebM tún ní tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́, mílísẹ́kọ́ndì kan ni òṣùwọ̀n tó kéré jù nínú rẹ̀. Fídíò 30000/1001 tí a bá kó sínú rẹ̀ yóò ní àkókò 0, 33, 67, 100, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò tó bá yọ àkókò àwòrán kan kúrò lára ti èkejì láti fi mọ iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò rí 30.30 nígbà mìíràn, yóò rí 29.41 nígbà mìíràn, kò sì sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Bí fáìlì bá sọ iye náà fúnra rẹ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ sọ fún wa pé kò sọ ọ́, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀ lórúkọ wa.

Ó ku ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohùn. Fáìlì Opus máa ń ní sample (ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan) díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀, tí ó wà fún kí ẹ̀rọ ìtúdì lè fìdí múlẹ̀. Iye wọn wà nínú pre-skip, a sì gbọ́dọ̀ dà wọ́n nù. Ní òpin, granule position (nọ́ńbà tí ń ka sample) ti ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú Ogg ni yóò sọ ibi tí ohùn parí sí gan-an, èyí tó bá kọjá ibẹ̀ ni kí a gé. Nígbà tí a bá sì fò sí àárín, RFC 7845, ìwé ìlànà Opus nínú Ogg, gbà wá nímọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti sample 3840 ṣáájú ibi tí a ń lọ, ìyẹn mílísẹ́kọ́ndì 80, kí ohùn tó jáde lè bá ti ẹni tó ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ mu. Mo dán kóòdù yín wò pẹ̀lú orin tí a pín sí fáìlì méjì tí kò yẹ kí àlàfo wà láàárín wọn, mo sì gbọ́ àlàfo kékeré kan níbi tí wọ́n ti pàdé. Láíbúrárì ni kí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún òǹlò, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe é bó ṣe yé e, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní í ṣe é rárá.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Àkókò yóò di nọ́ńbà odidi pẹ̀lú ìdá, pre-skip àti òpin ohùn yóò sì di iṣẹ́ tiwa. Ti mílísẹ́kọ́ndì 80 nígbà fífò náà yóò wọ inú Ogg lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ti WebM, fáìlì tó bá kọ SeekPreRoll (bí ó ti yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ títú ṣáájú tó) sílẹ̀ ni a ó tẹ̀ lé ohun tó sọ.

Èsì 5, láti ọwọ́ ẹni tó ń kọ géèmù

Mo padà wá nítorí function tó ń ka àwòrán tó kàn. Ó dà bí ẹni pé ó gbà pé páákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tí a kò tíì tú) kan tó bá wọlé, àwòrán kan ni yóò jáde. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí dav1d bá ń lo ọ̀pọ̀ thread (iṣẹ́ tí ń lọ pọ̀ nígbà kan náà), ó lè gba páákẹ́ẹ̀tì mélòó kan kí ó tó dá àwòrán àkọ́kọ́ padà, bí fáìlì bá sì ti tán, àwọn àwòrán ṣì wà nínú rẹ̀ tí a ní láti béèrè títí yóò fi ní òun kò ní mọ́. Mo fi fídíò kúkúrú dán an wò, àwọn àwòrán tó kẹ́yìn kò sì jáde.

FFmpeg náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, function kan ṣoṣo ni a fi ń tú fídíò níbẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n pín in sí méjì, avcodec_send_packet àti avcodec_receive_frame, kí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde má baà so mọ́ra wọn mọ́. Ètò tó pọ̀ ni ó ní láti tún kóòdù rẹ̀ kọ nígbà náà. Ẹ̀yin lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nísinsìnyí láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí -1 náà lọ. “Mú páákẹ́ẹ̀tì sí i wá”, “fáìlì ti tán”, “ègé yìí bàjẹ́ ṣùgbọ́n a lè tẹ̀ síwájú” àti “mẹ́mọ́rì kò tó” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí màá ṣe nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Èsì 6, láti ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè C

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè lò ó nínú ètò tí mo fẹ́ pín fún àwọn ènìyàn? Ṣé àpẹẹrẹ kan sì wà tí mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ má tíì pín in fún àwọn tí kò mọ̀ pé alpha ni. Ní ti àpẹẹrẹ, a ó fi ètò kékeré kan kún un tí ń ṣí fáìlì, tí ń kọ àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan sójú ìbòjú, tí ó sì ń ti fáìlì. Bí àpẹẹrẹ yẹn bá gùn jù tàbí bí kò bá yé yín, ẹ sọ fún wa, nítorí pé API ni ó níláti yí padà nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀yin.

Èsì 7, láti ọwọ́ ẹni tó ń kọ ìdánwò fún sọ́fíwíà

Ẹ ṣọ́ra lórí bí ẹ ó ṣe dán an wò. Títú AV1 kò fàyè gba ìyàtọ̀: àwòrán tó bá jáde lórí Linux gbọ́dọ̀ bá èyí tó jáde lórí Windows mu ní byte dé byte, nítorí náà MD5 (àmì kúkúrú tí a ń ṣírò láti inú dátà) àwòrán kọ̀ọ̀kan tó láti fi mọ̀ bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Opus kò rí bẹ́ẹ̀. libopus tí a kọ́ pẹ̀lú float (nọ́ńbà onídẹ́símà) àti èyí tí a kọ́ pẹ̀lú fixed-point (nọ́ńbà odidi) kì í mú sample kan náà jáde gan-an, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Bí ẹ bá fi MD5 ṣe ìdánwò ohùn, ìdánwò yín yóò máa kùnà lórí ẹ̀rọ tí kò ní àléébù, ẹnì kan yóò sì ní kí a pa á tì. Ẹ fi ìwọ̀n ìyàtọ̀ tó ṣeé gbà sí i. Ẹ sì ka iye sample náà, nítorí pé iye kò gbọ́dọ̀ yí padà níbikíbi. Ìdánwò kékeré yẹn ni ì bá ti rí àlàfo tí ẹ̀gbọ́n sọ nínú Èsì 4.

Èsì 8, láti ọwọ́ ẹni tó ń di pákéèjì fún Linux

N kò rí ìwé àṣẹ kankan nínú orísun kóòdù náà. Ẹ yan ọ̀kan kí ẹ tó gba àtúnṣe àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tí VideoLAN, àwọn tó ń ṣe VLC, fẹ́ mú libVLC kúrò lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL bọ́ sí LGPL tí ó fàyè sílẹ̀ jù ú lọ, wọ́n ní láti wá ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kọ kóòdù síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kí wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda wọn. libopus, libvorbis àti dav1d wà lábẹ́ BSD, nítorí náà wọn kò dí yín lọ́wọ́. SDL, láíbúrárì fún géèmù, kúrò lábẹ́ LGPL bọ́ sí zlib nígbà tí wọ́n ṣe 2.0, èyí sì rọrùn fún àwọn tó ń kọ géèmù.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń béèrè MP4 ti yín kánkán sí H.264, codec fídíò tó wọ́pọ̀ nínú MP4. Ẹ̀tọ́ patent MP3 ti parí, èyí tó ni ín sì ti dá títa ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró ní 2017, ṣùgbọ́n ti H.264 kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ogg àti WebM tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn tó fún alpha.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ìwé àṣẹ zlib ni a fẹnu kò sí, yóò sì wọlé lónìí. Nítorí ohun tí ẹ sọ nínú Èsì 1, 4 àti 5, header tuntun kò ní í jọ ti àtijọ́ rárá, nítorí náà 0.1.0-alpha.1 ni orúkọ tí a ó fi gbé e jáde, kí 0.1.0 gan-an lè dúró de ìgbà tí ẹ bá ti lo èyí. Ẹ̀ka kóòdù tí àyípadà náà wà ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fáìlì Ogg tàbí WebM tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tí àwọn ètò mìíràn kì í kà dáadáa, kí ó bá wa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda pé a lè fi sínú ìdánwò wa. Èyí tí àkókò rẹ̀ kò tò tẹ̀léra ni a nílò jù.

Èsì 9, láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn

Mo ní WebM mẹ́ta tí a gé ní àárín láìtún àkókò wọn ṣe, tí ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àwòrán. Màá fi wọ́n ránṣẹ́, n ó sì kọ ohun tí ó yẹ kí láíbúrárì mú jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.